Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí kámpà létí odò ní Texas

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, èmi àtìyàwó mi fẹ́ rẹ́ǹtì kámpà, ìyẹn ọkọ̀ téèyàn lè sùn sínú ẹ̀, láti Houston lọ sí South Llano River State Park, ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba tó wà létí odò nítòsí ìlú Junction, torí ibi tá a lọ léṣìí, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ mọ́jú ni, àfi bíi pé a ṣì wà n'Ìbàdàn. Ibi tó dákẹ́ rọ́rọ́ la fẹ́. Àmọ́ látìgbà tódò Guadalupe ní Texas níbí ti kún lóru ní July 2025 tó gbé àwọn èèyàn lọ lójú oorun, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Báwo lẹ ṣe ń mọ ibi tó ga tó láti páàkì? Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀ kí wọ́n lè kì wá nílọ̀? Rífáàsì náà tún ń bà mí lẹ́rù o, ìyàwó mi á máa juwọ́ lẹ́yìn, mi ò ní rí i nínú míró.