Ẹ gbà mí o: erùpẹ̀ méjì láti etí aṣálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àgbẹ̀ kòkó ni mí níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ agùnbánirọ̀ ní Nguru, ní Ìpínlẹ̀ Yobe, bu erùpẹ̀ wálé fún mi nínú ọ̀rá méjì.

Yanrìn lásán ni ti àkọ́kọ́, ó ń yọ́ bọ́ láàárín ìka mi bíi gàárì gbígbẹ. Èkejì dúdú, ó le bí àpáàdì. Mo ta omi sí i, ló bá di amọ̀ tó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ibi tóun ti bu méjèèjì ò jìnnà síra! Koríko fọ́nkáfọ́nká àti igi ẹlẹ́gùn-ún ló wà lórí òkìtì yanrìn. Ìrẹsì ni wọ́n ń gbìn sí kòtò ìsàlẹ̀, tí àwọn Hausa ń pè ní fadama.

Mo mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ló kó yanrìn jọ, omi ló sì wọ́ amọ̀ lọ sí kòtò. Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dáko lọ́hùn-ún, kí lẹ fi ń mọ ibi tí ọ̀kan parí sí? Ṣé koríko lẹ ń wò ni àbí igi? Igi gawo wọn tiẹ̀ ń wọ́wé nígbà òjò, ó ń rúwé lẹ́ẹ̀rùn. (Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ni, a ó ní ayé ló ṣe é.)

Ọmọ náà fẹ́ gbin yánmọtí díẹ̀. Mo ní orí yanrìn ni, torí yánmọtí kì í fẹ́ kí omi dúró nídìí òun. Ìyá rẹ̀ ní fadama ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i.