Èsì lórí "orin irin ikú aládùn": gìtá ló ń dá orin níbẹ̀

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjíròrò yìí, mo kí yín láti Ìjẹ̀bú-Òde.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Ìjẹ̀bú-Igbó ṣe àgbéyẹ̀wò àwo Slaughter of the Soul, èyí tí ẹgbẹ́ At the Gates láti ìlú Göteborg ní orílẹ̀-èdè Sweden gbé jáde ní 1995. Irú orin gìtá líle tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní melodic death metal ni. Ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí "orin irin ikú aládùn" (metal di irin, death di ikú, melodic di aládùn), wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ sí i pé àbùkù àwo náà ni pé kò ní adùn kankan, nítorí pé ariwo ni olórin náà ń pa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n, ó sì hàn nínú ohun tí wọ́n kọ pé wọ́n gbọ́ àwo náà tán pátápátá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn ló ṣì wọ́n lọ́nà. Wọ́n ti kọ́kọ́ sọ orin náà ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n wá ń dá a lẹ́bi pé orúkọ náà kò rò ó.

Kí n tètè mú "irin" kúrò nílẹ̀. Bí mo bá dé ọjà Òkè-Ajé tí mo ní orin irin ni mo ń wá, agogo àti ṣaworo ló máa wá sí ẹni tó ń tà á lọ́kàn, tàbí kí ó rò pé orin Ògún ni mo fẹ́. A kò túmọ̀ gìtá, a kò túmọ̀ jáàsì. Ẹ jẹ́ kí mẹ́tàlì náà máa jẹ́ mẹ́tàlì. Ti "ikú" kò ní wàhálà: orin tó gbẹ̀yìn nínú àwo tí ẹgbẹ́ Possessed ti California gbé jáde ní 1985 ti ń jẹ́ Death Metal, àwọn olórin náà ló sì fẹ́ kí ikú wà nínú orúkọ wọn.

Orí "aládùn" gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹnì kan nínú wa ti gbèjà rẹ̀ pé "dùn" nínú èdè Yorùbá kì í ṣe ti oyin nìkan: ọbẹ̀ ń dùn, ìlù ń dùn, ọgbẹ́ náà sì ń dunni, tó fi jẹ́ pé orin tó ń kérora náà lè jẹ́ aládùn. Àlàyé yìí wú mi lórí, mo sì rò ó síwá rò ó sẹ́yìn kí n tó rí ibi tó ti ń jò. "Dùn" tó jẹ́ ti ìrora kì í dá dúró, ó gbọ́dọ̀ ní ẹni tó dùn: ó dùn mí, ó dùn wọ́n. Bí a bá sì sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, kì í di adùn. Ẹ̀dùn ló ń dà, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ẹ̀dùn-ọkàn. Adùn ni ti oyin, ẹ̀dùn ni ti ọgbẹ́, èdè fúnra rẹ̀ ló pín wọn kí a tó dé. Ẹni tó bá gbọ́ "aládùn" kò ní ronú kan ẹ̀dùn láé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀dùn gan-an ni gìtá àwọn ará Göteborg ń sọ.

Àwọn mìíràn dábàá "olóhùn", nítorí pé "ohùn orin" ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń túmọ̀ melody. Èyí sún mọ́ ọn ju ti ìṣáájú lọ. Ohun tí mo kọ̀ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ka "olóhùn" á máa retí ọ̀fun tó ń kọrin, nínú irú orin yìí, ọ̀fun kì í sábà kọrin rárá.

Bàbá onígángan kan tó ń gbé nítòsí wa ní Pòrógun ló là mí lójú. Wọ́n wọlé wá gba owó iṣẹ́ kan ní ìrọ̀lẹ́, mo sì ń gbọ́ orin kẹta nínú àwo náà, èyí tó ń jẹ́ Cold, lọ́wọ́. Mo fẹ́ pa á láti bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n ní kí n fi í sílẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n dijú, wọ́n ń fi ìka ta orúnkún. Mo kọ́kọ́ rò pé ìlù ni ìka wọn ń tẹ̀ lé, kò pẹ́ tí mo fi rí i pé gìtá ni. Nígbà tó kan ibi tí Andy LaRocque, ẹni tó ń ta gìtá fún akọrin mẹ́tàlì tó ń jẹ́ King Diamond, ti dá tirẹ̀ ta gẹ́gẹ́ bí àlejò, ìka bàbá dúró sójú kan títí tó fi parí. Wọ́n wá ní: "Nǹkan olókùn yẹn ló ń dá orin. Ẹni tó ń pariwo yẹn, elégbè rẹ̀ ni."

Mi ò tíì gbọ́ àlàyé tó ṣe ṣókí, tó sì péye tó bẹ́ẹ̀ lórí irú orin yìí rí. Nínú àpàlà Haruna Ishola, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ti ẹ̀gbọ́n wa gan-an, ohùn Haruna ló ń dá orin, àwọn elégbè ń gbè é, ìlù sì ń bá wọn rìn. At the Gates yí ètò náà po: gìtá Anders Björler àti ti Martin Larsson ló ń dá orin, Tomas Lindberg ló ń gbè é pẹ̀lú igbe. Nítorí náà, "mẹ́tàlì ikú afigìtádárin" ni mo mú wá síwájú yín. Ẹlòmíràn lè ní ènìyàn ni afi- máa ń tọ́ka sí, pé wọ́n á rò pé ọkùnrin tó gbé gìtá kọ́rùn ni mò ń wí. Ṣùgbọ́n a ní ẹ̀rọ amúlétutù, a ní asọ̀rọ̀mágbèsì, kò sì sí ẹni tó ń fi wọ́n pe ènìyàn.

Bí a bá fi orúkọ yìí wo àwo náà, ìbéèrè tí a ó máa bi í yàtọ̀. A kò ní béèrè mọ́ bóyá olórin náà ní ohùn tó dùn. A ó béèrè bóyá gìtá mọ orin dá. Ó mọ̀ ọ́n dá gidigidi. Orin 11 ni, gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 34 lọ, kò sì sí èyí tó fa ọ̀rọ̀ gùn. Wọ́n gbé orin kọ̀ọ̀kan lé orí gbólóhùn gìtá kúkurú tí wọ́n ń ta ní àtúntà, èyí tí mo dábàá pé kí a máa pè ní àwítúnwí gìtá, àwọn àwítúnwí náà sì mú débi pé ẹ lè fi ẹnu kọ wọ́n lẹ́yìn ìgbà tí ẹ gbọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1992, nínú àwo wọn àkọ́kọ́, tí fayolíìnì pàápàá wà nínú rẹ̀, orin wọn máa ń ṣẹ́ kọ́nà káàkiri kó tó dé ibi tó ń lọ. Nígbà tó fi di 1995, wọ́n ti gé ẹ̀ka tó pọ̀ jù dànù. Ní sítúdíò Fredrik Nordström ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀: gìtá náà ń ya bí ayùn inú igi tútù, síbẹ̀ ẹ ó gbọ́ okùn kọ̀ọ̀kan.

Ó ní ibi tó kù díẹ̀ káàtó, mo sì fẹ́ kí a pe ìyẹn ní kùdìẹ̀-kudiẹ dípò àbùkù, nítorí pé àbùkù ń ti ohun tí ń dójú tini wá, kò sì sí ohun tó ń dójú tini nínú àwo yìí. Láti orin keje dé ìkẹwàá, adárin náà kò fi bẹ́ẹ̀ yí ẹsẹ̀ padà. Eré kan náà ni wọ́n ń sá, àwítúnwí kan sì ń jọ èkejì. Orin karùn-ún, tí kò ní ọ̀rọ̀ rárá, fún etí ní ìsinmi, irú rẹ̀ kan ì bá sì ti ṣe ìdajì kejì náà lóore. Gìtá béèsì ti Jonas, tó jẹ́ ìbejì Anders, rì sábẹ́ gìtá débi pé ẹ ní láti tẹ́tí gan-an kí ẹ tó bá a.

Ó ku ọ̀rọ̀ ohùn Lindberg, ẹni tó dolóògbé ní 2025. Ẹ̀gbọ́n pè é ní ariwo, ẹlòmíràn sì dábàá "ohùn eégún". Mo gba ohùn eégún wọlé tayọ̀tayọ̀ fún àwọn olórin mẹ́tàlì ikú tí ohùn wọn ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bọ̀, ṣùgbọ́n ti Lindberg kò sí nísàlẹ̀, òkè ló wà, ó sì há. Ohùn híhá ni mo máa pè é. Nǹkan kan tún wà tó ń mú kí etí Yorùbá ká a sí ariwo: eégún tó ń fi ohùn rẹ̀ kí wa ṣì ń gbé ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ inú ọ̀rọ̀ sí ipò wọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ohun tó ń wí. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ Yorùbá bí Lindberg ṣe ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ á di ọ̀kan náà. Gẹ̀ẹ́sì kò gbára lé ohùn báyẹn, kò sì pàdánù ohun tí àwa ì bá pàdánù níbẹ̀. Ó yẹ kí olùgbéyẹ̀wò tó jẹ́ Yorùbá fi èyí sọ́kàn kó tó dá ọ̀fun náà lẹ́jọ́. Kùdìẹ̀-kudiẹ tí mo rí lára ohùn náà kò ju pé orí ìpele kan ṣoṣo ló dúró sí jálẹ̀jálẹ̀, kódà níbi tí gìtá bá ti rọlẹ̀ tó ń retí pé kí elégbè rọlẹ̀ bá òun.