Òdòdó inú ẹ̀kán omi ń ṣe bàìbàì: ṣé kí n dá lẹ́ǹsì yìí padà?

Ọmọ Ìsánlú tó wà ní Kàbà

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ dákun, ẹ tètè dá mi lóhùn, ọjọ́ Ẹtì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé.

Fọ́tò òde ni mo fi ń jẹun ní Kàbà níbí: ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìwúyè. Ṣùgbọ́n omi ló máa ń gbà mí lọ́kàn jù, ìrì òwúrọ̀ àti òjò tó ṣẹ́ kù sórí ewé. Nígbà tí àjọ kàn mí lóṣù tó kọjá, mo fi ra lẹ́ǹsì macro àlòkù kan, èyí tí wọ́n fi ń ya nǹkan kéékèèké láti ìtòsí, 100mm, lọ́wọ́ ẹnì kan ní Lọ́kọ́jà. Àdéhùn wa ni pé bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, kí n dá a padà kí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Mo de koríko kan ṣoṣo mọ́ ọrùn ìgò méjì, mo fi síríìnjì kán omi sí i títí ẹ̀kán kan fi rọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Mo wá gbé òdòdó yẹ́lò tó máa ń yọ lẹ́bàá títì yẹn sẹ́yìn rẹ̀, bí ìdajì rúlà sí i. Gbogbo òdòdó náà ló wà nínú omi, kékeré báyìí, ó dorí kodò, kò sí ewé kan tó sọnù lára rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo pe ìyá ọkọ mi láti ilé ìdáná kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n tẹjú mọ́ ọn títí, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta ló tì í sínú ibẹ̀ yẹn?"

Inú fọ́tò ni wàhálà wà. Bí etí ẹ̀kán omi àti koríko bá hàn kedere, òdòdó inú rẹ̀ á máa ṣe bàìbàì. Bí mo bá yí lẹ́ǹsì títí òdòdó fi mọ́, etí omi náà á ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó. Mo ti ya ju igba lọ. Mo jẹ́ kí kámẹ́rà wá a fúnra rẹ̀, mo fi ọwọ́ yí i, ọ̀kan náà ni. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n. Ọwọ́ wo? Orí tripod ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kámẹ́rà wà! Ṣé lẹ́ǹsì yìí kò ti jábọ́ rí báyìí?

Onífóònù Ayétòrò

Afẹ́fẹ́ ni. Ẹ̀kán omi kì í dúró jẹ́ẹ́. Ẹ ya á nínú ilé, kí ẹ pa fáànù.

Má-ràlòkù

Dá a padà, sistá. Ẹni tó bá ní lẹ́ǹsì tó dáa kì í tà á. Mo ti jìyà irú ẹ̀ rí, ìgbà tí mo tú tèmi ni mo rí olú tó hù sára gíláàsì inú rẹ̀.

Ọmọ Ìsánlú tó wà ní Kàbà

@Onífóònù Ayétòrò, inú yàrá ni, fèrèsé wà ní títì, fáànù kò sì sí nítorí iná kò sí.
@Má-ràlòkù, mo fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀ látìsàlẹ̀ dé òkè. Kò sí olú, kò sí ibi tó sán. Tí mo bá ya èèrà tàbí owó ẹyọ, ó mọ́ kedere. Omi nìkan ló ń bá mi jà.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ mi, má tíì dá nǹkan kan padà. Fìsíìsì ni mo kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí o sọ kẹ́yìn yẹn ló sì já gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́ǹsì tó bà jẹ́ kò ní mọ èèrà yàtọ̀ sí omi.

Ẹ̀kán omi náà fúnra rẹ̀ lẹ́ǹsì ni. Lẹ́ǹsì méjì lo ní níwájú ara wọn, ọ̀kan ní Lọ́kọ́jà ni o ti rà á, èkejì o fi síríìnjì ṣe é. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ara òdòdó wá máa ń tẹ̀ bó ṣe ń wọ inú omi, á tún tẹ̀ bó ṣe ń jáde. Ti òkè á gba ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á gba òkè, ìdí nìyẹn tí òdòdó fi dorí kodò. Ibi tí àwòrán náà wá péjọ sí, kì í ṣe inú omi rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wa ń sọ pé inú omi ni. Iwájú omi ló wà, nínú afẹ́fẹ́ lásán, lápá ọ̀dọ̀ kámẹ́rà.

Bí o kò bá gbà, yá awò ìkàwé ìyá ọkọ rẹ. Dúró sí ọ̀ọ́kán fèrèsé, gbé awò náà sókè, kí o wá fi bébà funfun sẹ́yìn rẹ̀. Máa fa bébà náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bó bá jẹ́ awò +3 ni, bí bébà bá fi bíi rúlà kan jìnnà sí awò, wàá rí fèrèsé náà lórí rẹ̀, igi àtẹ̀yìn ilé àti ojú ọ̀run, gbogbo rẹ̀ ní ìdorí-kodò. Ṣé o rí i? Orí bébà ló wà, kò sí lára awò.

Ó wá ku ìṣirò. Ká ní ẹ̀kán rẹ rí róbótó, tó fẹ̀ tó mílímítà 4. Fún omi, àwòrán ohun tó jìnnà díẹ̀ máa ń péjọ síbi tó fi nǹkan bíi mílímítà 4 jìnnà sí àárín ẹ̀kán náà. Etí tí ò ń wò, ọ̀gangan àárín ló wà. Nítorí náà, mílímítà 4 ló wà láàárín etí omi àti àwòrán òdòdó. Bí o bá sún mọ́ nǹkan débi tí àwòrán rẹ̀ nínú kámẹ́rà fi tóbi tó nǹkan náà gan-an, tí o lo f/8 (nọ́ńbà bí ojú lẹ́ǹsì ṣe là tó ni; bó bá ṣe ń ga sí i ni ojú náà ń fún sí i), ibi tó máa mọ́ kedere kò ju bíi mílímítà 1 lọ. Báwo ni 1 ṣe fẹ́ bo 4?

Má-ràlòkù

Háà. Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ.

Ọmọ Ìsánlú tó wà ní Kàbà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni! Mo ti ṣe ti awò yẹn. Àgbàlá wa bọ́ sórí bébà, ìyá ọkọ mi tó ń sá gàrí lọ́wọ́ náà dorí kodò nínú rẹ̀, wọ́n ń rìn lókè bí aláǹgbá òrùlé. Ó ti yé mi báyìí. Ṣùgbọ́n kí ni kí n wá ṣe? Mo fẹ́ kí méjèèjì mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà

Àbúrò, ọ̀nà méjì ló wà, èmi fúnra mi fẹ́ràn àkọ́kọ́.

Àkọ́kọ́ ni pé kí o mú òdòdó, kí o fi etí omi sílẹ̀. Ojú ẹni tó ń wo fọ́tò máa ń sáré lọ síbi tí òdòdó wà, kò ní bi ọ́ léèrè etí. Gbé e sí f/11 kí ibi tó mọ́ lè fẹ̀ díẹ̀ sí i. Má ṣe tìtorí pé o ń wá kedere kí o lọ sí f/32 o! Ojú lẹ́ǹsì tó bá ti fún jù máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ fọ́n ká, gbogbo fọ́tò á wá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù.

Èkejì ni pé kí o ya púpọ̀, bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá, kí o máa sún kámẹ́rà díẹ̀díẹ̀ láti orí òdòdó títí dé etí omi, kí o wá fi kọ̀ǹpútà pa wọ́n pọ̀. Ó máa ń dára, àmọ́ ooru Kàbà ò ní dúró dè ọ́. Kí o tó dé ìkẹfà, ẹ̀kán náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì. Po glísẹ́rììnì tí wọ́n ń tà ní kẹ́mísì mọ́ omi rẹ, ìlàjì sí ìlàjì. Kì í tètè gbẹ, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ koríko. Glísẹ́rììnì ń tẹ ìmọ́lẹ̀ ju omi lọ, nítorí náà àwòrán òdòdó á tún sún mọ́ ẹ̀kán sí i, èrè nìyẹn fún ọ.

Bí o bá sì fẹ́ kí òdòdó dúró dáadáa nínú omi, yí òdòdó gan-an dorí kodò. Ó tán.

Onífóònù Ayétòrò

Ẹ̀gbọ́n, àmì funfun kan máa ń wà lójú omi nínú tèmi, bí ẹyin. Ṣé òun náà wà níwájú ni?

Tíṣà Àgbà

Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Fèrèsé rẹ nìyẹn, ó ń tàn padà lára awọ omi bí ó ṣe ń tàn lẹ́yìn ṣíbí. Kò wọ inú omi rárá. Wò ó dáadáa, wàá rí i pé kò dorí kodò. Bí o bá sún mọ́ ọn jù, wàá rí dúdú kan láàárín rẹ̀: orí rẹ ni.

Ẹ̀gbọ́n Oníkámẹ́rà

Ta aṣọ funfun sójú fèrèsé, á rọ̀. Má pa á rẹ́ tán o. Omi tí kò bá ní ibi tó ń dán, bíi rọ́bà ló máa ń rí.

Àjíjí-wo-ìrì

Èmi ò gbà pẹ̀lú glísẹ́rììnì. Èyí tí ẹ ń ṣe yẹn, ọbẹ̀ ni. Ẹ jí ní aago márùn-ún ààbọ̀ kí ọyẹ́ tó gba gbogbo ilẹ̀, nítorí tí ọyẹ́ bá ti dé tán, afẹ́fẹ́ á gbẹ, kò ní sí ìrì mọ́. Òru tí kò bá sí kùrukùru lójú ọ̀run ni kí ẹ máa ṣọ́, ewé máa ń tutù jù nírú òru bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sídìí ewé kókò. Omi orí rẹ̀ máa ń ká jọ róbótó, abẹ́ rẹ̀ á máa dán bíi fàdákà, nítorí afẹ́fẹ́ ló wà láàárín omi àti ewé. Èyí tó bá kéré ni kí ẹ yà, ńlá máa ń tẹ́ pẹlẹbẹ.

Èyí tí ẹ bá sì rí ní ṣóńṣó ewé kókò láàárọ̀, kì í ṣe ìrì, ewé náà ló tú u jáde láti inú ara rẹ̀. Mo yà á lọ́dún méjì kí n tó mọ̀.

Ọmọ Ìsánlú tó wà ní Kàbà

Ẹ kú àdúrótì, gbogbo yín. Mo ti pe ará Lọ́kọ́jà yẹn, mo ní kó máa gbádùn owó rẹ̀. Ó tún ní òun ti sọ pé ọwọ́ mi ni! N kò bá a jiyàn. Lórí òdòdó nìkan ni mo ń yí i báyìí, f/11, mo sì ti rí mẹ́ta tó wù mí.

Ìyá ọkọ mi ń pè mí lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n fẹ́ ka Bíbélì, awò wọn ṣì wà lọ́wọ́ mi.