Kíríìmù asúnwọ̀n tí mo ṣe ti bu, níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí. Làpálàpá mú àbúrò mi lọ́rùn, mo wá ní kí n fi ewé asúnwọ̀n òyìnbó ṣe kíríìmù fún un, torí èyí tí màmá wa àgbà máa ń gún mọ́ ọṣẹ dúdú yẹn, ó máa ń ta á lára gan-an, ó sì máa ń ba ọrùn aṣọ ẹ̀ jẹ́. Mo ra ewé l'Ọ́jà Ọba, mo fi bílẹ́ńdà lọ̀ ọ́, mo sẹ́ omi ẹ̀, mo lù ú mọ́ òrí tí mo yọ́ títí ó fi kì. Ó kọ́kọ́ wà dáadáa. Ọjọ́ kẹwàá mo ṣí ìdérí, òórùn bí ògì tó kan jù ló pàdé mi, omi ti ya sọ́tọ̀, ebu dúdú wà létí ike. Èèyàn méjì ládùúgbò sì ti ní kí n ta fún àwọn o!

AlágboÌgbàlódé:
Omi ni, àǹtí mi. Omi pẹ̀lú ewé, oúnjẹ ebu nìyẹn. Òrí àti omi kì í sì í ṣọ̀rẹ́, o kàn fipá lù wọ́n pọ̀ ni, ọwọ́ ẹ kúrò báyìí kálukú bá tiẹ̀ lọ. Emulsifying wax la fi ń dè é. Òrí àti wax lọ́tọ̀, omi ewé lọ́tọ̀, kí méjèèjì gbóná tó 70 sí 75°C kí wọ́n tó pàdé, tó bá wá lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn lo máa fi preservative sí i, ìyẹn ohun tí kì í jẹ́ kó bu. Phenoxyethanol lèmi ń lò, kì í kọjá 1 nínú 100, síkéèlì ni mo fi ń wọ̀n ọ́n o, kì í ṣe ṣíbí. Fi pH paper, bébà tá a fi ń mọ bó ṣe kan tó, wò ó náà, nǹkan bíi 5 ló bá ara mu.

BàbáOníwèrè-ewé:
Preservative tún kẹ̀! Àwọn ìyá wa lò ó láìsí kẹ́míkà kankan.

AlágboÌgbàlódé:
Bàbá, ẹ má bínú, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ṣé wọ́n gbé e pa mọ́ sínú ike fóṣù mẹ́ta ni? Àárọ̀ ni wọ́n ń gún un, tó bá dalẹ́ wọ́n ti lò ó tán.

Nọ́ọ̀sìÀgbowó:
Èmi ọ̀rọ̀ títà yẹn ló bà mí lẹ́rù. Kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa inú apá ara ẹ, ìwọ fúnra ẹ o, fi sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, tó bá pọ́n tàbí tó ń yún ẹ, má fi kan ọmọ yẹn lọ́rùn. Má sì jẹ́ kí wọ́n ní kó o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo ti rí ẹni tó fi para tó bọ́ sínú oòrùn, ṣe lọwọ́ ẹ̀ lé ròrò. Tí làpálàpá náà bá ti gun orí, kíríìmù ò ká a mọ́, oògùn oníhóró ni, ẹ gbé e lọ sọ́síbítù. Títà ní tiẹ̀, ó di ìgbà tẹ́ ẹ bá gba nọ́ńbà NAFDAC.

ỌmọMọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti dà á nù. Mo ti sá ewé tó kù sínú ilé, tó bá gbẹ màá rẹ ẹ́ sínú adí àgbọn, kò ní sí omi níbẹ̀ rárá. Ṣé kí n fi omi gbígbóná fọ ike yẹn lò?

AlágboÌgbàlódé:
Gbé ike yẹn jù nù jàre, ra tuntun ní Dùgbẹ̀. Ewé yẹn, àfi kó máa rún wómúwómú lọ́wọ́ ẹ kó o tó rẹ ẹ́ o.