Ìrírí mi nídìí yíya jẹ́sì àfidípò fún àwọn ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù

Ayàwòrán ni mí ní ìpínlẹ̀ Maryland lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù kéékèèké tó ń tọ́ àwọn ọ̀dọ́ dàgbà fún àwọn ẹgbẹ́ ńlá ni mo sì máa ń ya jẹ́sì fún jù. Jẹ́sì funfun tí wọ́n ń wọ̀ nílé àti èyí aláwọ̀ eérú tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ìlú oníìlú kì í sábà yí padà. Nítorí jẹ́sì àfidípò, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láàárín sáà, ni wọ́n ṣe ń pè wá. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni pé ojú méjì ni yóò wo jẹ́sì kan: ojú ẹni tó jókòó sí òkè pátápátá ní pápá ìṣeré, àti ojú ẹni tó rà á lọ sílé, tó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń fi ìka tọ ojú rírán rẹ̀. Bí kò bá tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn, mo gbà pé iṣẹ́ ṣì kù.

Iwájú ẹ̀wù gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Bọ́tìnì ló ń so jẹ́sì bésíbọ́ọ̀lù láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, nítorí náà ohunkóhun tí a bá kọ sí àyà rẹ̀ yóò pín sí méjì, bó ti wù kó dán mọ́rán tó lórí kọ̀ǹpútà. Bí télọ̀ tó mọṣẹ́ ṣe máa ń rí i pé òdòdó ara ańkárá pàdé ara wọn níwájú bùbá, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe máa ń ti lẹ́tà síwá sẹ́yìn títí ojú bọ́tìnì yóò fi bọ́ sí àlàfo. Bí kò bá ṣeé ṣe, mo máa ń jẹ́ kó gba àárín O tàbí M kọjá, nítorí pé èèyàn ṣì lè dá ìdajì wọn mọ̀, ṣùgbọ́n I yóò pòórá. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n yóò tún dé: orúkọ tó gún régé láyà òmìrán lè kó ìrù rẹ̀ sí abẹ́ apá agbábọ́ọ̀lù tó kéré lára.

Òfin náà tún wà níbẹ̀. Ìwé òfin eré náà sọ pé nọ́ńbà ẹ̀yìn kò gbọdọ̀ kéré sí íńṣì 6, pé aṣọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọdọ̀ bára mu, pé kò gbọdọ̀ sí bọ́tìnì onígíláàsì tàbí irin dídán lára rẹ̀, àti pé a kò gbọdọ̀ ya ohunkóhun tó jọ bọ́ọ̀lù sí i. Ó yé mi dáadáa, nítorí pé ẹni tó di ọ̀pá mú kì í ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan láti rí bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ wá bá a.

Ẹgbẹ́ kan tó wà létí odò ní kí n ya jẹ́sì tí wọn yóò fi bu ọlá fún àwọn apẹja ìlú wọn. Aṣọ dúdú ni wọ́n fẹ́, pẹ̀lú nọ́ńbà búlúù tó ṣókùnkùn, nítorí pé ó wù wọ́n lójú fóònù, ó sì rẹwà lóòótọ́ nígbà tí a tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ rán ẹyọ kan. Lálẹ́, nígbà tí iná pápá ti tàn, olùtọ́jú aṣọ wọn wọ̀ ọ́, ó lọ dúró sí béèsì kẹta, èmi àti ọ̀gá tó ń bójú tó ọjà títà sì gun àtẹ̀gùn lọ sí ìlà ìjókòó tó gbẹ̀yìn. Ọ̀gá náà wò ó títí, ó wá bi mí pé, “Ṣé mẹ́ta ni àbí mẹ́jọ?” Mẹ́jọ ni. A kò yọ búlúù náà kúrò, nítorí pé àwọ̀ odò wọn ni, ṣùgbọ́n a fi aṣọ tín-ín-rín aláwọ̀ wàrà yí etí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ká. Àwòrán àwọ̀n ìpẹja tí wọ́n fẹ́ kó kún gbogbo ara ẹ̀wù ni mo gbé lọ sí inú kọ́là, níbi tí ẹni tó bá ń so bọ́tìnì rẹ̀ yóò ti rí i.

Mo rí irú ọgbọ́n yìí lára àwọn ẹgbẹ́ ńlá náà láti ìgbà tí Nike ti bẹ̀rẹ̀ ètò City Connect, ìyẹn jẹ́sì àfidípò tó ń sọ ìtàn ìlú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní ọdún 2021. Red Sox ti Boston ló kọ́kọ́ wọ tiwọn, àwọ̀ ìyeyè àti búlúù, láìsí pupa tí ayé fi mọ̀ wọ́n. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, ṣùgbọ́n àwọ̀ eré ìje Marathon ìlú náà ni, eré tí wọ́n ti ń sá láti ọdún 1897, kò sì sí ẹni tó jókòó sókè tí kò ní mọ̀ wọ́n. Ti Miami, ní ọdún 2021 yẹn kan náà, jẹ́ pupa, ó sì ń rántí Sugar Kings, ẹgbẹ́ Havana tó gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún 1954 sí 1960, èyí tó wọ àwọn ọmọ Cuba tó ń gbé ìlú náà lọ́kàn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Orioles ti Baltimore, tó jáde ní ọdún 2023. Dúdú ni, BALTIMORE ni wọ́n fi funfun kọ sí àyà rẹ̀, kò sí ariwo kankan. Ṣùgbọ́n bí o bá ká etí apá rẹ̀ sókè, oríṣiríṣi àwọ̀ ni yóò yọ síta. Lójú tèmi, ó sàn ju kí a kó ìtàn ìlú mẹ́wàá jọ sí àyà ẹ̀wù kan ṣoṣo.

Ẹgbẹ́ etí odò yẹn ti ní kí n ya òmíràn fún sáà tó ń bọ̀. Pupa rúsúrúsú ni wọ́n fẹ́ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá ọjà títà fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ béèrè pé ọjọ́ wo ni a óò gun àtẹ̀gùn lọ wò ó.