Ṣé géèmù Wii lè ran màmá mi lọ́wọ́?

Ẹ kú ilé o. COPD (àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí kì í jẹ́ kéèyàn mí dáadáa) ń yọ màmá mi lẹ́nu, ẹ̀fín igi tí wọ́n fi ń yan ẹja látọjọ́ pípẹ́ ló fà á, London ni wọ́n wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Wọ́n parí rehab (ètò eré ìdárayá fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró ń dà láàmú) ọ̀sẹ̀ 6, látìgbà yẹn wọn ò fẹ́ rìn mọ́. Ṣé Wii, géèmù orí tẹlifíṣọ̀n téèyàn ń mi ara láti gbá, lè mú kí wọ́n máa ṣe eré ìdárayá?

Àkànní: Ó lè ṣe é dáadáa. Bàbá mi ń fi gbá tẹníìsì, rímóòtù lọ́wọ́, wọ́n á máa ju apá, wọn ò ní mọ̀ pé ìṣẹ́jú 20 ti lọ.

Ìyá Ìbejì: Ẹ kọ́kọ́ bi physio wọn (ẹni tó ń tọ́ aláìsàn sọ́nà lórí eré ìdárayá) o, ẹ jọ̀ọ́. Tí wọn ò bá lè sọ gbólóhùn kan parí, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n ṣe ẹnu bí ẹni fẹ́ súfèé, kí wọ́n rọra mí jáde. Inhaler (oògùn tí wọ́n ń fà sẹ́nu) ò gbọdọ̀ jìnnà.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an mà. Màá pe physio lọ́la.