Bátìrì ni àbí sítátà? Mo nílò ìmọ̀ràn lórí Peugeot 504 bàbá mi

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ọkọ̀ àtijọ́. Ní Kábbà níbí, mo fẹ́ kí mẹkáníìkì tún ẹ́ńjìnnì Peugeot 504 tí bàbá mi fi sílẹ̀ tò, ṣùgbọ́n mo ní kí a kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò, nítorí pé bí iná rẹ̀ kò bá tó, púlọ́ọ̀gì kò ní tanná dáadáa, a ó sì máa dá kábúrétọ̀, tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, lẹ́bi lásán. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ sinmi mọ́jú, mítà ka fóòtì 12.5, nígbà tí a ń sítáàtì rẹ̀, ó já sí 8.9, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ó lọ sísàlẹ̀ 9.6. A ti ha orí bátìrì mọ́. Ṣé bátìrì ló ti rẹ̀ ni, àbí sítátà, mọ́tò kékeré tí ń yí ẹ́ńjìnnì kí ó lè tan, ló ń fa iná jù? Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni mo ṣe lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ kí n tó náwó?